Ẹ Lọ Jẹun Nílé Ìyá Yín

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ "Àmín".

Lọ́dún tó kọjá, a lọ síbi ìsìnkú ìyá ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa, ní abúlé kan lápá Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Wọ́n ṣe é, ó dùn. Wọ́n pa màlúù, wọ́n ta àtíbàbà, gbogbo ẹbí wọ aṣọ kan náà. Àmàlà wà, gbẹ̀gìrì wà, ewédú wà, kúlà ìrẹsì ń wọlé tẹ̀ lé kúlà. Gbogbo wa jẹ, a yó. Arábìnrin yìí nìkan ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàwó wa gbé oúnjẹ lọ bá a, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó fi nǹkan sẹ́nu. Ẹkún ló bú sí. Ó ní:

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti lọ èlùbọ́ tuntun, kí n wá jẹ àmàlà ní Sátidé. Sátidé àkọ́kọ́, a ní ìpàdé òṣìṣẹ́. Sátidé kejì, a jáde lọ wàásù. Sátidé kẹta, a lọ tún ibi ìpàgọ́ ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni màmá náà kú.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwa la pe ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa la dúró lórí pẹpẹ tá a ní òṣìṣẹ́ tí kò bá wá kó má bínú tá a bá yọ orúkọ rẹ̀. Arábìnrin yìí ò bá wa jà. Kò tiẹ̀ dárúkọ wa. Ṣùgbọ́n àmàlà tá a jẹ lọ́jọ́ náà ò dà nínú wa títí dòní.

Ìdí rèé tá a fi ń kọ èyí. Ohun tá a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ máa lọ bá àwọn òbí yín àti ará ilé yín jẹun lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì lè fọwọ́ ara wọn rokà fún yín. Iṣẹ́ Olúwa ni, kò sí ohun tó jẹ́ ti ara nínú ẹ̀. Àwa pásítọ̀ sì wà lára ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà ṣe sún mọ́ tó. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà nílẹ̀ Ìbàdàn. 5 wà nínú ìgboro, 6 yí ìgboro ká: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Ìdó àti Olúyọ̀lé. Láyé àwọn baba wa, ọmọ Ìbàdàn á ní ilé nígboro, á tún ní abúlé lóko. Tó bá ṣiṣẹ́ lóko, yóò wá sílé wá ṣọdún, wá ṣe ìnáwó, wá rí ẹbí. Lóde òní, nǹkan ti yí padà. Àwa ọmọ la wà nígboro, àwọn àgbà la fi sílẹ̀ lóko. Ṣé ìrìn àjò ni èèyàn ń pe Ìwó Road sí Lálúpọn ni? Ẹni tó ń gbé Ẹ̀gbẹ́dá lè jí lówùúrọ̀ Sátidé, kó dé Ẹ̀rúnmu kí wọ́n tó dáná. Ẹni tó wà l'Ékòó pàápàá, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin kó sọ̀ ní ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé nìyẹn, ẹnu ọ̀nà oko gan-an. Ọ̀nà ò jìn. Àyè ni kò sí, àwa la sì gba àyè ọ̀hún.

Ẹ ka ọ̀sẹ̀ yín. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ni. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìpàdé àdúrà. Òru ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Sátidé, ìpàdé òṣìṣẹ́, ìgbáradì akọrin, gbígbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ti wà níbẹ̀ láti aago méje àárọ̀, ìgbà míì ẹ ò ní kúrò kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìgbà wo lẹ fẹ́ rí ìyá yín? Àwọn ọmọ yín gan-an, ìgbà wo lẹ jọ jókòó jẹun kẹ́yìn láìsí pé ẹnì kan ń wo aago?

Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn Farisí wí nítorí Kọ́bánì. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èèyàn á mú ohun tó yẹ kó fi tọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀, á ní òun ti fi í ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run, àwọn olórí ẹ̀sìn á sì ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń wàásù lórí ibẹ̀ yẹn, owó la sì máa ń rò pé ó ń bá wí. Àkókò ńkọ́? Sátidé tó jẹ́ ti ìyá yín, tá a gbà lọ́wọ́ yín tá a ní ti Ọlọ́run ni, kí la fẹ́ pè é? Kọ́bánì ni. Àwa gan-an la ṣe bíi Farisí.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì burú ju ti ìpàdé lọ. Àwa pásítọ̀ ti gbin ẹ̀rù oúnjẹ abúlé sí yín lọ́kàn.

Ẹ má rò pé a ò rí yín. Ẹ máa lọ kí àwọn òbí yín, ẹ ó gbé omi inú ike yín dání, ẹ ó ra ìpanu sínú báàgì. Màmá á gbé oúnjẹ wá, ẹ ó ní ẹ ti yó. Wọ́n á bu omi wá, ẹ ó ní òùngbẹ ò gbẹ yín. Àwọn ọmọ yín á fẹ́ jẹ, ẹ ó ṣẹ́jú sí wọn. Torí kí ni? Torí a ti sọ fún yín pé abúlé ni wọ́n ti ń fún èèyàn ní májèlé, pé ilé bàbá ẹni ni ọ̀tá ń gbé, pé ìkòkò ni wọ́n fi ń jí ògo.

Àwa náà ṣe é rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tá a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Olúwa, a yà kí màmá wa lábúlé. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pa adìẹ. Wọ́n gún iyán fúnra wọn, orúnkún sì ń dùn wọ́n nígbà yẹn. A wo iyán náà, a rántí ìwàásù kan tá a gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọkàn wa pami. A ní, "Màmá, a ń gbààwẹ̀ ni." Irọ́ ni. A ò gba ààwẹ̀ kankan. Wọ́n wò wá, wọ́n fi igbá dé iyán náà. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ rẹ."

Nígbà tá a dé Ẹ̀gbẹ́dá, a dúró lẹ́bàá títì, a ra búrẹ́dì àti ẹja inú agolo, a jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. Ẹni tá a ò mọ̀ rí ló ta búrẹ́dì yẹn fún wa. A ò bi í pé ta ló pò ó, a ò sì bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ. Ìyá tó fún wa lọ́mú la sá fún oúnjẹ rẹ̀.

A dúpẹ́ pé wọ́n ṣì wà láyé. A ti lọ dọ̀bálẹ̀, a ti tọrọ àforíjì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní àwọn mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kò sí ààwẹ̀ kankan, torí àwọn rí ìpanu tá a ti jẹ kù nínú mọ́tò. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì fi bò wá láṣìírí.

Ẹ tún gbọ́ ìtàn kan. Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá gbé ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Àwọn òbí kan nílùú fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ òyìnbó, wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀. Àwọn òbí yẹn ò tíì di onígbàgbọ́. Wọn ò mọ ibi tí àlejò wọ̀nyí ti wá. Síbẹ̀, wọ́n fọkàn tán ìkòkò àlejò. Lára ọ̀nà tí ìhìnrere gbà wọ Ìbàdàn nìyẹn. Àwa tá a wá jogún ìhìnrere náà, àwa là ń sá fún ìkòkò ìyá wa! Ṣé kò yẹ ká ronú sí i?

A ò sọ pé ìkà ò sí láyé o. Ìkà ń bẹ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹnì kan ti halẹ̀ mọ́ òun, tàbí tí ìjà ilẹ̀ ń lọ nínú ẹbí tó ti di ti ọlọ́pàá, kó lo ọgbọ́n, kó sì sọ fún wa ká jọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ gbogbo àgbà di àjẹ́. Ẹ má sọ gbogbo irun funfun di ọ̀tá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín nídìí oúnjẹ ẹ̀bá títì, ṣé kò ní lè ṣọ́ yín nílé ìyá yín ni? Ẹ gbàdúrà sí oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó wà nídìí oúnjẹ yẹn ná. Kí èlùbọ́ tó di èlùbọ́, wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, á sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n á sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á sáré lọ kó o. Kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ nìyẹn. Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ewédú ní kánún, ó ní ìjábẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní 70 ọdún á dìde ní ìdájí, á ṣe gbogbo èyí, torí pé ọmọ òun ní òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí àwọn ìyá wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹnu sọ, inú abọ́ yẹn ló wà.

Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ tó dé Mọníyà, IITA wà níbẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń ṣèwádìí níbẹ̀ lórí iṣu, lórí ẹ̀gẹ́, lórí ẹ̀wà. Ará òkèèrè rí i pé ohun tí à ń jẹ tó ohun tí èèyàn ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́. Ọmọ tiwa tá a bí nígboro ò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ló di láfún. Ẹ kó wọn dání lọ. Kí wọ́n rí ibi tí màmá àgbà ti ń sá èlùbọ́, kí wọ́n bá wọn já ewédú, kí wọ́n gbọ́ oríkì wọn. Kò sí ẹni tó lè kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́.

Àwọn kan á ní, "Dádì, oúnjẹ kọ́ ni ìjọba Ọlọ́run." A gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka Nehemáyà orí 8. Àwọn èèyàn gbọ́ òfin Ọlọ́run, wọ́n ń sunkún. Àwọn olórí wọn ò ní kí wọ́n tún gbààwẹ̀ kún un. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sílé, kí wọ́n jẹ ohun tó dára, kí wọ́n mu ohun tó dùn, kí wọ́n sì gbé nǹkan ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí nǹkan sè. Apá tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ní Kọ́ríńtì, ohun tí Pọ́ọ̀lù bá wọn wí sí ni pé ẹnì kan ń jẹ ní àjẹyó níbi tí ebi ti ń pa ẹnì kejì. Tẹ́ ẹ bá dé abúlé, ẹ wo ilé kejì. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ò wá láti ọdún mélòó kan. Ẹ bu tiẹ̀ lọ fún un kẹ́ ẹ tó jókòó.

Àwọn míì á ní owó ò sí. Òótọ́ ni. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí mọ́, owó oúnjẹ ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ pa màlúù? Búrẹ́dì kan, ẹja díẹ̀, iyọ̀ àti ọṣẹ tó o bá gbé dání ti tó. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mẹ́rin lè pín in: oṣù yìí tìrẹ, oṣù tó ń bọ̀ ti àbúrò rẹ. Ṣebí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀, gbogbo yín á yáwó, ẹ ó ra aṣọ, ẹ ó gba àtíbàbà. Owó tẹ́ ẹ máa fi ra aṣọ ìsìnkú yẹn á gbé yín lọ bá ìyá yín jẹun fún oṣù púpọ̀. Màmá ò lè tọ́ ẹran màlúù yẹn wò. Àmàlà ti Sátidé yìí ni wọ́n lè jẹ.

Ẹlòmíì á ní, "Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wa." Ilé wo ní Ìbàdàn la ò ti ní rí Mùsùlùmí? Nígbà Iléyá, wọ́n ń gbé ẹran wá fún wa. Nígbà Kérésì, à ń gbé ìrẹsì lọ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ò ní tipa bẹ́ẹ̀ gba ìgbàgbọ́ yín lọ́wọ́ yín. Bóyá ibi tẹ́ ẹ ti jọ ń jẹun gan-an ni wọ́n ti máa rí Jésù lára yín.

Ẹ̀yin tí ìjà wà láàárín ẹ̀yin àti òbí yín, a mọ̀ pé tiyín le jù. Ẹ wo Jòhánù orí 21. Pétérù ti sẹ́ Jésù. Nígbà tí Jésù máa yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó dáná lẹ́bàá òkun, ó yan ẹja, ó pè wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bi Pétérù ní ìbéèrè. Ẹ jẹun ná. Ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ ìpinnu wa báyìí. Láti oṣù tó ń bọ̀, ní Sátidé kejì nínú oṣù, kò ní sí ìpàdé kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sí ìpàdé òṣìṣẹ́, kò sí ìgbáradì akọrin. A ó ti géètì pa. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ náà ò ní sí, kí oorun má bàa gbé yín lójú ọ̀nà. Ohun tí a bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe rèé:

1. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìdùnnú ìrètí yẹn wà lára oúnjẹ.

2. Ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ bá wọn dáná. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ gún iyán.

3. Ẹ gbé fóònù sínú báàgì. Ẹ má ya fọ́tò ìyá yín sórí Facebook ṣáájú kẹ́ ẹ tó kí wọn dáadáa.

4. Ẹ jẹun níwọ̀n. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín ohun kan kù, kó pa á mọ́.

5. Ẹni tí òbí rẹ̀ ti lọ, kó lọ bá ìyá ẹlòmíì, tàbí kó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn arúgbó ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò ní ẹnì kan, ilé wa ni wọ́n máa wá. Ìyàwó wa ti ní àwọn á sè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀ lé e, a ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rí. Ẹ wá sọ ẹni tẹ́ ẹ bá jẹun fún wa.

Sí ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń ka èyí: a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní à ń sọ ìjọ di ọ̀lẹ. A ò bá yín jà. Ẹ kàn bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín jẹun nílé ìyá yín kẹ́yìn.

Arábìnrin tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ṣì wà láàárín wa. Òun ló ní ká kọ ọ́, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ó ní èlùbọ́ tí ìyá òun lọ̀ ṣì wà nínú àpò níbi tí wọ́n gbé e sí, òun ò tíì lè rò ó.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwọn òbí wa sí. Àwa náà á dàgbà, àwọn ọmọ wa á wá bá wa jẹun, wọn ò ní jẹ́ ká máa fi igbá dé oúnjẹ dè wọ́n lásán, lórúkọ Jésù.

Ṣé ẹ rò pé ẹ fẹ́ tẹ "Àmín" báyìí? Ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa sè ní Sátidé.